Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: títún maṣíìnì Màámi ṣe, àti títún Orí Kẹrin ìwé mi kọ

Ohun tí mo fẹ́ ṣe

Maṣíìnì ìránṣọ tí Màámi fi tọ́ wa, Singer 15K tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ni mo fẹ́ tún ṣe kó tún máa ránṣọ. Tó bá ti ṣeé rán, n óò fi rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, láti orí gígé dé orí bọ́tìnì. Ìgbà tí mo bá ṣe ìyẹn tán ni n óò tó tún fọwọ́ kan Orí Kẹrin ìwé ìtàn ìgbà èwe mi.

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti wà lẹ́nu ìwé náà. Mushin ni wọ́n ti tọ́ wa, àwa ọmọ mẹ́rin, bàbá, ìyá àti ìyá bàbá, nínú yàrá kan àti pálọ̀. Bàámi jẹ́ fítà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Màámi ń ránṣọ lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé. Orí Kẹrin ni mo ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́ Màámi, òun náà sì ni mo rò pé mo kọ dáadáa jù lọ, títí mo fi kà á fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́tí títí mo fi parí, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe nìyẹn. Wọ́n wá ní:

"Màámi tí o kọ yìí, ẹkún ni wọ́n ń sun látòkè délẹ̀. Ta ló wá ń rán àwọn aṣọ náà?"

Mo dákẹ́.

"Èmi ni mo jókòó tì wọ́n láti ọmọ ọdún méje. Ìwé ni ìwọ ń kà ní tìrẹ. O ò mọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe."

Òótọ́ ni. Nínú ojú ewé méjìdínlógún tí mo kọ nípa aránṣọ, n kò dárúkọ òwú ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Sátidé kìíní

Ilé àbúrò wa ọkùnrin ní Ìpájà ni maṣíìnì wà, nínú yàrá ẹrù tí òjò ń jò sí. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án. Mo ní kí n yí wíìlì rẹ̀, kò mì rárá. Abẹ́rẹ́ ti dógùn-ún mọ́ ibi tó wà. Páálí tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ igi. Òdòdó wúrà tí wọ́n yà sára irin dúdú náà ṣì ń tàn lọ́pọ̀ ibi, àfi apá òsì lẹ́bàá abẹ́rẹ́, níbi tí aránṣọ máa ń gbé ọwọ́ lé. Irin lásán ló kù níbẹ̀. Ọwọ́ Màámi ló pa wúrà yẹn rẹ́.

Mo gbé e wálé nínú takisí, mo gbé e lé itan mi látìbẹ̀ dé ilé. Mo ya fọ́tò rẹ̀ mọ́kànlá kí n tó fọwọ́ kan sìkúrúù kankan. Ẹni tó bá fẹ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò, ẹ má fo ìyẹn o. Fọ́tò wọ̀nyẹn ló yọ mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí mo ní sìkúrúù mẹ́ta lọ́wọ́ tí n kò mọ ilé wọn mọ́.

Nọ́ńbà ara rẹ̀ fi lẹ́tà E bẹ̀rẹ̀. K inú 15K, Kilbowie ló dúró fún, ìyẹn àdúgbò kan ní Clydebank ní Scotland tí ilé-iṣẹ́ Singer wà títí wọ́n fi tì í pa ní 1980. Mo wá ìtàn ibẹ̀ kà, ó sì mú mi jókòó. Ní 1911, obìnrin méjìlá tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkun igi maṣíìnì kó lè dán ló kọ́kọ́ pa iṣẹ́ tì níbẹ̀, nítorí wọ́n dín iye àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kù, wọ́n sì kó ẹrù àwọn tó lọ lé àwọn tó kù lórí. Kò pẹ́ tí bí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá òṣìṣẹ́ fi jáde tẹ̀lé wọn. Wọn ò rí ohun tí wọ́n ń jà fún gbà. Maṣíìnì tiwa kò tíì sí láyé nígbà náà, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ pa igi abẹ́ rẹ̀, níbi tí kíkùn àtijọ́ ṣì ń tàn díẹ̀, mo sì ń ro ti ẹni tó kùn ún.

Bàámi a máa sọ ìtàn Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, fún wa lálẹ́, bí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ṣe wà níwájú nínú ìdáṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò 1945 tó lé lóṣù kan, nítorí owó oṣù kò tó ọjà rà mọ́. Bí Bàámi ṣe ń sọ ọ́, ohùn maṣíìnì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ìtàn Imoudu ti wà nínú Orí Kejì mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé irin tó ń dún yẹn náà ní ìdáṣẹ́sílẹ̀ tirẹ̀, àti pé obìnrin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Títú

Mo yọ abẹ́rẹ́, mo yọ ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, mo yọ páànù kékeré tí abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá. Sìkúrúù méjì ló dè é. Ìkejì kò fẹ́ tú, mo kán epo sí i lórí sùn.

Lábẹ́ páànù yẹn, láàárín àwọn eyín tó ń gbé aṣọ lọ, eruku òwú ti dì bí irun àgùntàn. N kò kọ́kọ́ ka nǹkan kan sí i. Ìgbà tí mo fi abẹ́rẹ́ ìgúnṣọ yọ ọ́ tó jáde lódidi ni mo rí i pé ìpele-ìpele ni. Funfun ló wà lókè, pẹ̀lú nǹkan tó ń dán bí okùn léèsì. Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ eérú. Lábẹ́ eérú, búlúù, búlúù tó nípọn ju gbogbo wọn lọ. Mo mọ búlúù yẹn. Yunifọ́ọ̀mù ṣẹ́ẹ̀kì ni. Nígbà tí Lateef Jakande di gómìnà Èkó ní 1979, tí ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, tí iléèwé ọ̀sán kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọmọ kún iléèwé àdúgbò wa bámúbámú, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì nílò aṣọ. Léèsì òkè yẹn ni ti òpin ayé Màámi, ìgbà tí ó jẹ́ pé aṣọ àwọn ìyá ìjọ díẹ̀ ni wọ́n ń gbà.

Mo fi eruku náà sínú páálí ìṣáná. N kò lè dà á nù.

Ọ̀sẹ̀ kejì: epo, sùúrù, àti àṣìṣe kan

Bàbá kan wà ní Ọjà Ọjúwòyè tó ń tún maṣíìnì ṣe, mo lọ bá wọn. Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n ní, "Mọ́mì, ẹ má fipá yí i o. Tó bá kán, ó kán nìyẹn. Ẹ máa fún un lépo, kó fúnra rẹ̀ gbà."

Kẹrosíìnì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ihò epo tó wà lórí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo ń kán án sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Epo àtijọ́ tó ti gan bí oje igi ló di gbogbo ara rẹ̀ mú, kẹrosíìnì ló ń tú u. Ní ọjọ́ kẹta, omi pupa bí ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán jáde nísàlẹ̀. Mo ń fi àkísà tí mo rì bọ omi gbígbóná gbá ara irin náà kó lè móoru. Ní ọjọ́ karùn-ún mo gbé ọwọ́ lé wíìlì bí ìgbà tí èèyàn ń jí ọmọ, ó sì sún bí ìbú ìka kan. Mo pariwo. Ọmọ mi sá jáde láti yàrá.

Lẹ́yìn náà ni epo maṣíìnì gan-an, torí kẹrosíìnì kì í ṣe epo tí irin fi ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń fọ̀ ọ́ ni.

Àṣìṣe mi nìyí, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é: mo fi sípíríìtì nu ara rẹ̀ kó lè mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, òdòdó wúrà kan lápá ọ̀tún ṣí mọ́ àkísà. Ìwọ̀n ẹyọ kóbọ̀ kan ló lọ. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. Ọdún gbogbo tí òjò fi ń jò sí i lórí, kò bà á jẹ́ tó báyẹn. Epo maṣíìnì àti aṣọ tó rọ̀ nìkan ni kí ẹ fi nu ara irú maṣíìnì yìí.

Tẹ́ńṣọ̀n

Ibí ni iṣẹ́ náà ti yí padà fún mi.

Tẹ́ńṣọ̀n 15K wà lójú orí rẹ̀ lápá òsì. Àwo irin pẹlẹbẹ méjì ló ń fún òwú mọ́ra, sípíríìǹgì ń tì wọ́n láti iwájú, bọ́tìnì kékeré tí èèyàn ń yí ló ń mú kó le tàbí kó rọ̀. Mo tú u lórí aṣọ funfun kí nǹkan kan má baà sọnù, mo sì ń to gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ń yọ ọ́. Nígbà tí mo kà wọ́n, ó lé ẹyọ kan. Wáṣà kan wà láàárín sípíríìǹgì àti bọ́tìnì tí kò sí nínú àwòrán kankan tí mo ní.

Mo fọ̀ ọ́. Kò tó èékánná ọmọ-ìka mi. Ojú kan rẹ̀ jẹ́ irin àwọ̀ fàdákà, ojú kejì ní ọ̀dà funfun àti pupa díẹ̀, àti ìdajì lẹ́tà kan. Agolo mílíìkì ni wọ́n gé e lára. Ìṣó ni wọ́n fi lu ihò rẹ̀, torí ètí ihò náà ṣì tẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ ètí ìta rẹ̀ yípo, ó rí kiribiti. Mo fi fóònù sún un mọ́ra, mo rí ipa fáìlì náà: ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dojú kọ, kò sí èyí tó ṣìnà.

Iṣẹ́ tí wáṣà yẹn ń ṣe yé mi lẹ́yìn tí mo ti wò ó pẹ́. Sípíríìǹgì ti rẹ̀. Ẹni tó fi wáṣà sí i fẹ́ kí sípíríìǹgì náà há díẹ̀ sí i kó lè tún lágbára tì. Kàkà kó ra òmíràn, ó fi agolo sanwó.

Nínú Orí Kẹrin mi, gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ràn: "Lálẹ́, Bàámi tí ọwọ́ wọn mọ irin a jókòó sí iwájú àtùpà, wọ́n a máa tún maṣíìnì Màámi ṣe." Mo fi fọ́tò wáṣà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Bàámi. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Bàámi kẹ̀? Bàámi ò fọwọ́ kan maṣíìnì yẹn rí láyé wọn. Wọ́n ní irin ọkọ̀ ojú irin làwọn mọ̀, pé tibí yìí kéré jù fún ìka àwọn. Màámi ló gé e. Sísọ́ọ̀sì tó ti kú ni wọ́n fi gé agolo, wọ́n yá fáìlì Bàámi. Èmi ni mo di agolo mú. Ojú àpá rẹ̀ wà ní àtàǹpàkò mi títí dòní."

Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rántí àtùpà. Mo rántí fáìlì, ohùn rẹ̀ lára irin, ṣíì, ṣíì. Torí pé fáìlì jẹ́ ti Bàámi, mo ti fi ọwọ́ Bàámi sí i lẹ́yìn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹlẹ́rìí. Ó sì ní èyí tó burú ju ìyẹn lọ ní ojú ewé kìíní Orí náà: "Bàámi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, Màámi sì ń fi ìránṣọ ràn wọ́n lọ́wọ́." Ràn wọ́n lọ́wọ́. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin, tí mo ń fi iṣẹ́ ọwọ́ tèmi jẹun, èmi ni mo kọ bẹ́ẹ̀.

Mo mú wáṣà náà lọ sí Ọjúwòyè. Bàbá yẹn gbé e sójú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n ní, "Ẹni tó ṣe eléyìí gbọ́ èdè irin." Mo ra sípíríìǹgì tuntun lọ́wọ́ wọn, mo tọ́jú u sínú dúrọ́ọ̀. Wáṣà agolo ni mo dá padà síbi tó wà.

Abẹ́ igi

Láti wẹ igi ìsàlẹ̀ ni mo fi dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ń fi omi tútù rọra yọ páálí tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ilà pẹ́ńsùlù ló wà níbẹ̀. Ilà kéékèèké, márùn-ún márùn-ún, a fi ìkan dábùú mẹ́rin. Àwọn kan ní òbìrìkìtì lórí.

Mo kọ sínú ìwé mi pé Màámi kò mọ ìwé kọ. Ìwé wọn nìyí lábẹ́ maṣíìnì.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tún túmọ̀ rẹ̀. Ilà kan, yunifọ́ọ̀mù kan. Òbìrìkìtì, ẹni tó ti gba aṣọ tí kò tíì sanwó. Náírà méjì ni wọ́n ń rán an nígbà náà. Àsìkò kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ sábẹ́ igi, ìyẹn oṣù tí iléèwé fẹ́ wọlé. Bí wọ́n bá gba owó tán, wọ́n á fi omi nù ún. Èyí tí mo rí yìí ni wọn ò nù. Mo kà á: ilà mọ́kànléláàádọ́rin, mẹ́sàn-án nínú wọn ní òbìrìkìtì. Méjìlélọ́gọ́ta ló sanwó. Náírà mẹ́rìnlélọ́gọ́fà.

Ní 1981 ni ìjọba fi náírà 125 ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ilé wa ló mọ nọ́ńbà yẹn lórí, Bàámi kọ ọ́ sára ògiri. Màámi fi ọwọ́ yí owó oṣù òṣìṣẹ́ kan jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ku náírà kan kó pé, òwú àti bọ́tìnì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára ògiri.

Mo fi lẹ́kà, ọ̀dà tó mọ́ gaara, bo ilà náà. Igi yẹn kò ní rí omi mọ́.

Òwú wọ̀ ọ́

Mo ki abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 bọ̀ ọ́, mo wé òwú ìsàlẹ̀ mọ́ bọ́bìnì, róòlù kékeré tó ń wà lábẹ́, mo fi òwú sójú abẹ́rẹ́ láti òsì sí ọ̀tún bí mo ṣe máa ń ṣe sí abẹ́rẹ́ ọwọ́. Mo yí i. Kò mú òwú. Mo yí i ní ogún ìgbà, òwú ìsàlẹ̀ kò gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ lórí fóònù, ìró rẹ̀ nìkan: "O fi òwú sí i lódì. Láti ọ̀tún ni o ó ti kì í bọ̀ ọ́." Mo yọ abẹ́rẹ́, mo kọ ojú pẹlẹbẹ rẹ̀ sí òsì, mo ki òwú láti ọ̀tún. Òwú ìsàlẹ̀ gòkè ní yíyí kìíní.

Ó kọ́kọ́ ń sọ kókó sábẹ́ aṣọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa yí sìkúrúù ilé bọ́bìnì, ṣùgbọ́n kókó abẹ́ aṣọ, òwú òkè ló sábà máa ń rọ̀ jù. Mo mú tẹ́ńṣọ̀n le díẹ̀díẹ̀. Ní ibi tó ti dára, mo wo bọ́tìnì tẹ́ńṣọ̀n náà: ó dúró gẹ́lẹ́ níbi tí irin ti fá, ibi tí ìka Màámi máa ń fi í sí.

Yunifọ́ọ̀mù

Ṣẹ́ẹ̀kì búlúù, yáàdì kan àbọ̀, fún ọmọ ọdún mẹ́fà kan ládùúgbò. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rán an. Màámi a máa rán mẹ́ta lóòjọ́.

Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí, ọwọ́ òsì nìkan ló ní aṣọ, òun ló ń fà, òun ló ń tì, òun ló ń yí i sí igun. Ojú kì í wà lára abẹ́rẹ́ rárá. Iwájú abẹ́rẹ́ ló ń wà, bí ìka méjì, níbi tí aṣọ kò tíì dé. Ìgbà tí mo tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ni ìlà mi ń wọ́. Ìgbà tí mo gbé ojú síwájú, ó tọ́. Nínú ìwé mi, mo ní Màámi "tẹrí ba sórí maṣíìnì bí ẹni tí ayé ń tẹ̀ mọ́lẹ̀." Bí wọ́n bá tẹrí ba bẹ́ẹ̀, wọn ò ní lè rán kọ́là kan tó tọ́.

Ilà ṣẹ́ẹ̀kì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo tú ẹ̀gbẹ́ òsì ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, búlúù wọ búlúù, funfun wọ funfun, mo sì jókòó, mo ń fi ìka tọ ibi tí ìránṣọ wà kiri, n kò rí i. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe dùn nígbà tí ìwé mi àkọ́kọ́ jáde.

Orí Kẹrin

Mo pa ojú ewé mọ́kànlá rẹ́ nínú méjìdínlógún. Ẹkún lọ. Àtùpà ṣì wà, fáìlì wà, ẹni tó dì í mú ti yí padà. "Ràn wọ́n lọ́wọ́" ti di "òṣìṣẹ́ méjì ló wà nílé wa." Ìyà tó jẹ Màámi ṣì wà níbẹ̀, n kò fi bò. Ẹ̀yìn a máa dùn wọ́n lóòótọ́, ojú wọn bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n mọ̀.

Ìwé tí òǹkọ̀wé Buchi Emecheta kọ nípa ìgbésí ayé ara wọn, tó jáde ní 1986, ló kọ́kọ́ fún mi láyà láti kọ tèmi. Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Èkó ni àwọn náà. Ọkọ wọn dáná sun ìwé tí wọ́n kọ lọ́wọ́, wọ́n tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń rántí ìyẹn ní gbogbo alẹ́ tí mo bá ń fi ẹ̀dà ìwé mi pamọ́ síbi mẹ́ta. Mo sì máa ń rántí pé ìtàn ayé obìnrin tí ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ̀ ní 1929 sí 1930, tí gbogbo Èkó ń dúró dè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkùnrin ló kọ ọ́, Isaac B. Thomas. Ó kọ ọ́ dáadáa. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ti Màámi wà ní Yorùbá láti ọwọ́ ọmọ wọn obìnrin, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní ẹ̀ẹ̀kejì nígbà tí àmì fò kúrò lórí "ọ̀" mi.

Sátidé tó kọjá

Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Abẹ́òkúta. Mo ka Orí Kẹrin fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ mi ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ìṣó kọ́ ló lu ihò wáṣà náà, imú kọ́ńpáàsì mi ni, èyí tí mo sunkún pé ó sọnù ní fọ́ọ̀mù kejì.

Ìtẹ̀ ìsàlẹ̀ yunifọ́ọ̀mù nìkan ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi fa àga sún mọ́ maṣíìnì, wọ́n gbé apá òsì lé ibi tí wúrà ti pa rẹ́, wọ́n sì wo iwájú abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ ya fọ́tò. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sílẹ̀, kí n wá bá wọn di etí aṣọ mú.